Ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún ará ilé yín, ìlú yín sì jìnnà sí ibùdó ìtọ́jú: ibo lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin tí dátà yín ò tó láti gbọ́ ohùn, ẹ̀yin tó jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì lẹ wà tí ariwo ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan, gbogbo ohun tí mo sọ nínú abala ọ̀sẹ̀ yìí ló wà nísàlẹ̀. Mo kàn yọ ẹ̀rín àti àwọn ibi tí mo ti húkọ́ kúrò ni.

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀, àmọ́ ó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Bódìjà, tí màmá rẹ̀ pè é láti ìlú kékeré kan. Màmá ní àbúrò rẹ̀ ò sùn mọ́ lóru. Wọ́n ní ó ti ta ọ̀kadà tó fi ń jẹun. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ló ti ń wá paraga kiri, oògùn tó ń gbé mì sì ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Màmá wá béèrè pé, "Ibo la máa gbé e lọ?"

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó yọ fóònù, a ó tẹ "rehab near me" sórí Google. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí fóònù yín wà ni Google ń wò, kò mọ ibi tí àbúrò yín wà. Bí ẹ bá wà ní Èkó, Lẹ́kí àti Ìkẹjà ni yóò kó wá fún yín. Èyí tó wà lókè pátápátá, ó lè jẹ́ pé ṣe ni wọ́n sanwó ìpolówó kó lè wà níbẹ̀. Ẹ óò wo iye tí wọ́n ń gbà, ẹ óò wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ọkàn yín á sì rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ò ní dúró dè yín. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní "ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi" ni wọ́n máa gbé e fún.

Bí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú abala yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí: ẹ má kọ́kọ́ wá ibùdó. Ẹ kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́ ìlera tó sún mọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn náà jù. Òun ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sọ irú ìtọ́jú tó nílò, òun náà ló sì máa kọ lẹ́tà tí ẹ óò mú lọ síbi tó kàn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Èkó nìkan

Ní 2018, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba Nàìjíríà ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNODC, ìyẹn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Wọ́n rí i pé bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láti ẹni ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn òyìnbó lò láàárín ọdún kan. Ẹkùn tiwa yìí, gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ló ga jù lọ: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn ò sì ka ọtí mọ́ ọn o. Nínú ẹni márùn-ún tó ń lò ó, ó tó ẹnìkan tí ìlò náà ti di àìsàn sí lára. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tí kò jẹ́ kí àwọn èèyàn rí ìtọ́jú gbà, mẹ́ta ló yọrí jù: owó, ìtìjú, àti pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè gbà á nítòsí.

Ní àwọn ìlú kékeré, ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìlú ńlá. Oògùn ara ríro ni wọ́n ṣe tramadol fún. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gùn ún láti àárọ̀ di alẹ́ ń gbé e mì kó má baà rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń kọ ebè, tó ń fa gbágùúdá, náà ń gbé e mì. Bó bá yá, ọ̀kan ò ní ràn án mọ́, yóò di méjì, yóò di mẹ́rin. Ọjọ́ tí kò bá lò ó, gbogbo ara á máa ro ó, inú á máa yọ ọ́ lẹ́nu, oorun á dá. Kò wá lò ó torí ìgbádùn mọ́. Ó ń lò ó kí ara lè balẹ̀ ni. Ọ̀nà kan náà ni paraga àti ògógóró ń gbà mú ẹni tó ń mu ún láràárọ̀ kó tó lọ sóko.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní bárakú. Ọpọlọ ti mọ́ ọn lára débi pé kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí i. Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣe é wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Èyí tí à ń sọ yìí, àìsàn ni, ó sì ṣe é wò.

Ká fi Ayétẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà wà lófuurufú, ẹ jẹ́ ká mú ìlú kan. Ayétẹ̀ wà ní Ìbàràpá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òun sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá. Àgbẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní irú ìlú báyìí, ibo ló kàn?

Ẹ̀sẹ̀ kìíní ni ilé ìwòsàn alábọ́dé, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní sẹ́ńtà. Nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà níbẹ̀ lè má lè tọ́jú bárakú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n wọ́n lè wo ìfúnpá rẹ̀, wọ́n lè mọ̀ bóyá omi ara rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n sì lè kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọsibítù tó jù wọ́n lọ.

Ẹ̀sẹ̀ kejì ni ọsibítù jẹ́nẹ́rà, níbi tí dókítà wà. Fún Ayétẹ̀, Igbó-Ọrà ló kàn. Igbó-Ọrà yìí tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ará ìlú kan níbẹ̀, tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà máa ń wá gbé láàárín àwọn ará ìlú láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn ní ìlú kékeré.

Ẹ̀sẹ̀ kẹta ni ọsibítù ńlá tó ní dókítà àrùn ọpọlọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Nítorí pé Ìbàràpá wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìbàdàn lọkàn wọn á kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n gbé e lọ sí UCH. UCH dára, ẹ̀ka tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí máàpù lórí fóònù yín. Láti Igbó-Ọrà, Abẹ́òkúta sún mọ́ ju Ìbàdàn lọ. Abẹ́òkúta sì ni ọsibítù Arò wà, ọ̀kan nínú àwọn tó lórúkọ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà nínú ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, tó sì ní ẹ̀ka tó dá dúró fún ìtọ́jú àwọn tí oògùn àti ọtí ti di bárakú fún. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni lóòótọ́, àmọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Wọn kì í béèrè ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí fún ìlú yòówù kí ẹ ti wá: ààlà ìpínlẹ̀ kì í ṣe ààlà ìtọ́jú. Ẹ tẹ orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ sínú máàpù, kí ẹ wo ọsibítù ńlá mẹ́ta tó yí i ká. Lẹ́yìn náà, ẹ bi awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yẹn léèrè pé èwo ni mọ́tò máa ń lọ tààrà, torí ibi tó sún mọ́ nínú máàpù lè jẹ́ ibi tí ẹ óò ti wọ mọ́tò mẹ́ta kí ẹ tó débẹ̀. Ẹni tó wà lápá Òkè-Ògùn lè rí i pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló yá fún òun, níbi tí ọsibítù LAUTECH àti ti Bowen wà. Ẹni tó wà lẹ́bàá Iléṣà, ọsibítù OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ló kàn án. Yábà ní Èkó náà ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1907.

Ẹ má ti ọtí pa mọ́ ọn lójú lójijì

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka abala kékeré yìí, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ìfẹ́ ìdílé sí ọmọ wọn lè mú kí wọ́n ti í mọ́ yàrá, kí wọ́n ní kò ní fojú kan ọtí mọ́ láti òní lọ. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún oṣù tàbí ọdún, bó bá dáwọ́ dúró lójijì láìsí ìtọ́jú, ó lè kú. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, yóò máa làágùn, yóò máa bì, oorun ò ní kùn ún. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gìrì lè mú un. Láti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, wọ́n á máa rí kòkòrò lára ògiri, wọ́n á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ara wọn á gbóná, ọkàn wọn á máa lù kìkì.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ ní abúlé nígbà tó bá dé ibẹ̀ yẹn: wọ́n á ní wọ́n ti ń ṣe é ni, wọ́n á ní nǹkan ti wọ̀ ọ́ lára. Àsìkò tó yẹ kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù gan-an ni wọ́n á gbé e lọ síbòmíràn. Oògùn wà tí dókítà ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí gìrì má baà mú un, tí wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún máa ń fún un ní fítámì B1, torí pé ọtí máa ń mú un tán lára, àìsí rẹ̀ sì lè ba ọpọlọ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn oorun bíi diazepam. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ ò gbọdọ̀ jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tramadol ní tirẹ̀, bí ẹni tó ń lò ó bá jáwọ́, ìyà máa ń jẹ ẹ́ gidi, àmọ́ ohun tó máa ń pa èèyàn níbẹ̀ jù ni kó lò ó lápọ̀jù tàbí kó pò ó mọ́ ọtí, torí yóò mú kí èémí rẹ̀ máa lọ sílẹ̀. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ tún lè fa gìrì.

Bí ẹ bá pe ẹni tó lo oògùn tí kò dáhùn, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má da omi tútù sí i lára, ẹ má sì rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ jù lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ẹ óò kọ sílẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ńlá, iṣẹ́ tiyín nìyí, ẹ lè ṣe é lórí fóònù láìkúrò lójú kan. Ẹ pe ilé, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀:

- Kí ló ń lò, mélòó lóòjọ́, láti ìgbà wo? Bí wọ́n bá rí páálí tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.
- Ìgbà wo ló lò ó gbẹ̀yìn?
- Ṣé gìrì ti mú un rí? Ṣé ó ti ṣubú fi orí gbálẹ̀ rí?
- Ṣé ó ní ìfúnpá gíga, àtọ̀gbẹ, tàbí àìsàn mìíràn?
- Ṣé ó ti sọ pé òun fẹ́ pa ara òun rí? Bó bá ti sọ ọ́, ẹ má fi falẹ̀ rárá, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan.
- Kí ni òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́?

Ìwé kékeré yìí ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè fún. Bí ẹ bá ní i lọ́wọ́, wákàtí kan lè parí ohun tí ì bá gba ọjọ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi pamọ́ sínú fóònù yín lónìí: 0800 1020 3040. Àjọ NDLEA ló ni ín, kò gba owó ìpè. Mo mọ ohun tó ń jáyà yín: "Ṣé kì í ṣe àwọn tó ń mú èèyàn náà nìyẹn?" Òótọ́ ni pé NDLEA ń mú àwọn tó ń ta oògùn olóró, òfin sì lòdì sí lílò rẹ̀. Àmọ́ àjọ yìí kan náà ní ẹ̀ka tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn, tó sì ń rí sí ìtọ́jú, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi nọ́ńbà yìí ṣe. Ẹ lè pè wọ́n láti béèrè ìmọ̀ràn àti ibi tí ìtọ́jú wà ní ìpínlẹ̀ yín. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ pé ìmọ̀ràn lẹ fẹ́, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn.

Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá gbà ńkọ́?

Ìbéèrè yìí máa ń wá ṣáá. Ẹ má bá a sọ ọ́ nígbà tí ọtí wà lójú rẹ̀. Ẹ dúró di ìgbà tí ojú rẹ̀ bá dá. Ẹni kan tó bọ̀wọ̀ fún ni kó bá a sọ ọ́, kì í ṣe èèyàn mẹ́wàá nínú pálọ̀. Ẹ má ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lórí. Ẹ sọ ohun kan tí ẹ rí: ọ̀kadà tó tà, ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Kí ẹ sì béèrè pé kí ló ń dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ní àwọn ò lè sùn, tàbí inú ń run àwọn. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù nítorí àìsùn yẹn. Ẹnu ọ̀nà ni ẹnu ọ̀nà ń jẹ́.

Ẹ má purọ́ fún un pé ìnáwó ìgbéyàwó lẹ ń lọ, kí ẹ wá já a sí ibùdó. Ọjọ́ kejì tó bá jáde, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. Ọjọ́ kan máa ń wà tí òun fúnra rẹ̀ máa sọ pé ó ti sú òun. Ọjọ́ yẹn kì í pẹ́ kọjá. Ìdí tí a fi ń múra sílẹ̀ nìyẹn: kí nọ́ńbà wà nílẹ̀, kí owó mọ́tò wà nílẹ̀, kí ẹ ti mọ ọjọ́ tí dókítà máa ń jókòó, kó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá ní òun ti ṣetán, àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ óò gbéra.

Ilé àdúrà, ilé àfáà, ibùdó aládàáni

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú èèyàn 259 sílẹ̀ ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní ibùdó àtúnṣe ní Òjòó, n'Ìbàdàn. Ìdílé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ọwọ́ ara wọn gbé wọn lọ síbẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́ẹ̀nì de àwọn tó ní àrùn ọpọlọ káàkiri Nàìjíríà, ní ilé ìsìn, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní ibùdó ìjọba pàápàá.

Mi ò sọ èyí láti bu ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni kù. Àwọn òbí tó gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀ ò burú. Ibi tó wà nítòsí, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí kò sì béèrè ìbéèrè ni wọ́n rí. Àdúrà dára, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìgbàgbọ́ wọn ti ràn lọ́wọ́ láti dúró lórí ìpinnu wọn. Ṣùgbọ́n àdúrà ò ní kí a máà lo oògùn. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ọtí kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Ẹni tí gìrì lè mú nígbàkigbà kò gbọdọ̀ wà nínú ṣẹ́ẹ̀nì. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ buwọ́ lù ní Oṣù Kìíní ọdún 2023, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, fi ẹ̀tọ́ aláìsàn sí iwájú: èèyàn ni, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n.

Nítorí náà, ibi yòówù kó jẹ́, ì báà jẹ́ ti ìjọba, ti aládàáni tàbí ti ẹ̀sìn, ẹ béèrè ohun méje yìí kí ẹ tó sanwó:

1. Ta ni dókítà tó ń wo àwọn èèyàn níbí? Ọjọ́ wo ló máa ń wá?
2. Bí gìrì bá mú un lóru, kí lẹ máa ṣe? Ọsibítù wo lẹ máa gbé e lọ?
3. Ṣé ẹ máa ń de èèyàn mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ nà án?
4. Ṣé mo lè wá wò ó, kí n sì bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan?
5. Láti àárọ̀ di alẹ́, kí ni wọ́n máa ń ṣe?
6. Èló ni gbogbo rẹ̀, títí kan oúnjẹ, oògùn àti àyẹ̀wò? Ṣé mo lè gba rìsíìtì?
7. Bó bá jáde, ta ló máa tẹ̀ lé e?

Ẹni tó bá bínú nítorí ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn nìyẹn. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹnìkan lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Fọ́tò orí Instagram kì í fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn.

Owó, àti ìdí tí gbígbé inú ọsibítù fi lè má pọn dandan

Ọ̀pọ̀ gbà pé ìtọ́jú bárakú ni kí wọ́n gbé èèyàn sínú ọgbà kan fún oṣù mẹ́ta. Àwọn kan nílò rẹ̀ lóòótọ́: ẹni tí gìrì ti mú rí, ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé tó ń gbé jẹ́ ilé ọtí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lè gba ìtọ́jú nípa lílọ-bíbọ̀: kó rí dókítà, kó gba oògùn, kó bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀, kó sì sùn nílé. Ẹ bi dókítà pé èwo ni tiyín. Ìdáhùn yẹn lè dín owó yín kù gan-an.

Ìtọ́jú tó fi ìdílé àti abúlé ṣe òpó kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì. Arò tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954. Ó fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ń bá wọn gbé. Wọ́n á gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Àwọn dókítà káàkiri ayé wá kọ́ ọ níbẹ̀, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lẹ́yìn náà.

Nípa owó, ẹ béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan: káàdì, àyẹ̀wò, oògùn, bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ, àti ohun tí wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó gba èèyàn wọlé. Ẹ má gbàgbé owó mọ́tò àti oúnjẹ ẹni tó máa tẹ̀ lé e. Bí ìdílé bá ní ìwé ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀, irú OYSHIA ní Ọ̀yọ́, ẹ béèrè ohun tó máa san nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ tún wádìí ọjọ́ tí dókítà àrùn ọpọlọ ń rí aláìsàn, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ní gbogbo ibi. Ó máa ń dunni kí èèyàn wọ mọ́tò láti Ayétẹ̀, kó débẹ̀, kí wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ tó bá padà sílé

Ibi tí iṣẹ́ ti kù nìyí. Ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìfọwọ́ kan oògùn, ara rẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe ń gbà á. Bó bá padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, iye yẹn lè pa á. Ẹ sọ ọ́ fún un láìfi ìtìjú bò ó, kí gbogbo ará ilé náà sì mọ̀ ọ́n.

Ìlú kékeré kò ní ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí. Gárèjì tó ti ń mu ún tẹ́lẹ̀ ni yóò máa gbà kọjá lójoojúmọ́. Ìyá aláparaga, àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Nítorí náà, ẹ ti máa ronú sí i kó tó dé: ṣé yóò lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n fún oṣù díẹ̀ ni? Ṣé iṣẹ́ mìíràn wà tó lè máa ṣe? Ta ni yóò máa gba owó ọwọ́ rẹ̀ pa mọ́ fún un bí òun bá fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ bẹ dókítà pé kó kọ lẹ́tà sí sẹ́ńtà tàbí ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ yín, kó lè máa gba oògùn níbẹ̀ dípò kó máa rìn jìnnà. Ọ̀nà jíjìn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ìtọ́jú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ńlá lè máa rán an létí ọjọ́ tó yẹ kó lọ, kí ẹ fi owó mọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù.

Bó bá sì ṣubú, tó tún mu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ má lé e kúrò nílé. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ tún gòkè, ọsibítù ló ń padà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bárakú.

Ó tó báyìí fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ti ojú ewé yìí: ẹ fi 0800 1020 3040 pamọ́, ẹ tẹ orúkọ ìlú yín sínú máàpù, kí ẹ kọ ọsibítù ńlá mẹ́ta tó yí i ká sílẹ̀, kí ẹ sì fi abala yìí ránṣẹ́ sínú WhatsApp ìdílé yín, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè má mọ ẹni tó ń wá a nínú wọn. Ó dìgbà kan ná.